Orúkọ Tí Ìyá Mi Ń Pe Aṣọ Rẹ̀

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Gnagna, ní Djama, ní Woudou àti ní Agbonou, ẹ̀yin tí ẹ wà lápá Anié àti lápá Datcha, ẹ tẹ́tí sí mi. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọjà bọ̀, wọn ò tíì sọ ẹrù. Mo mọ̀ pé àwọn aránṣọ wa ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, rédíò wà lórí tábìlì, àlùmọ́gàjí àti téèpù ìwọnṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí.

Ìyá mi ní àpótí onígi kan tí kì í ṣí níṣojú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá ṣí i, òórùn káńfọ̀ á gba yàrá kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, aṣọ méjìdínlógún ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní orúkọ. Ìyá mi kì í sọ pé kí a bá òun mú aṣọ pupa tàbí aṣọ olódòdó. Á ní, "Bá mi mú Ojú Orogún Mi." Á ní, "Bí O Bá Jáde Èmi Náà Á Jáde dà? Ta ló gbé e?" Àwa ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lórúkọ bí a ṣe mọ àwọn ará ilé. Èyí tó fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Mon mari est capable, ìyẹn ni pé ọkọ mi gbọ́ bùkátà. Bàbá wa ló rà á fún un lọ́dún kan tí owó òwú wọlé dáadáa. Bí ó bá ró o lọ sóde, kò nílò kí ó yin ọkọ rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Aṣọ ti bá a sọ ọ́.

Ohun tí mo ní í sọ lálẹ́ yìí kò ṣẹ̀yìn irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kí ló ń mú kí aṣọ ilé iṣẹ́ kan gbòde, tí àgbà ń wá a, tí ọmọdé ń wá a, tí ojú ń ti ẹni tí kò ní in láti jáde, tí yóò sì ṣe bí ọdún mẹ́wàá, tí a bá fi ta ènìyàn lọ́rẹ, á ní òun ó máa fi dáná? Kí ló sì ń mú kí èyí tí a ti pa tì tún padà wá sójú ọjà, bí ìyàwó tó lọ sílé òbí rẹ̀ tó padà dé pẹ̀lú ìlù? Ní ìlú Òyìnbó, àwọn tó ni máàkì, ìyẹn orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ sára ọjà rẹ̀, ń ná owó gọbọi láti mọ ìdáhùn. Mo gbà pé ìdáhùn náà wà lójú títì tó ti Lomé wá sí Atakpamé yìí, lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí púpọ̀ nínú wọn kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé rí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí aṣọ náà ti wá. Aṣọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Nàìjíríà ń pè ní àǹkàrá, tí àwa ń pè ní pagne, tí ojúlówó rẹ̀ ń jẹ́ wax, kì í ṣe ilẹ̀ wa ló ti ṣẹ̀. Àwọn ará erékùṣù Java, tó wà ní Indonesia òde òní, ni wọ́n máa ń fi ìda ya àwòrán sára aṣọ kí wọ́n tó rì í bọ inú aró. Ibi tí ìda bá wà, aró kò ní ràn án. Àwọn ará Netherlands tó ń jọba lé wọn lórí rí i pé bí ẹ̀rọ bá lè ṣe irú rẹ̀, owó wà níbẹ̀. Ní 1846, Pieter Fentener van Vlissingen dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Helmond. Ilé iṣẹ́ náà ni a mọ̀ sí Vlisco lónìí.

Oje igi ni ẹ̀rọ àwọn Òyìnbó wọ̀nyí ń lò ní ipò ìda. Oje yìí a máa sán bí aṣọ bá ká. Aró a gba ojú ibi tó sán wọlé, a sì fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ káàkiri, bí iṣan ẹ̀yìn ewé. Àwọn ará Java wò ó, wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀bùn ni, àwọn kò fẹ́. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bí i Ebenezer Brown Fleming ti ìlú Glasgow wá kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wá sí Gold Coast, tó di Ghana, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin ọlọ́jà etí òkun gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n wo àwọn iṣan kan náà yẹn, wọ́n ní ẹwà nìyí, nítorí kò sí ọ̀pá méjì tó bá ara wọn mu pátápátá. Láti ọjọ́ náà títí dòní, iṣan yẹn ni a fi ń mọ ojúlówó. Ohun tí Java kà sí àbùkù ni ẹ̀gbẹ́ tiwa kà sí iyì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ibẹ̀ yẹn mú, nítorí gbogbo ohun tí mo máa sọ lẹ́yìn èyí dúró lé e: Helmond ló ṣe aṣọ, ọjà tiwa ló sọ ọ́ di aṣọ iyì.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Nkrumah ní Ghana fún ọrùn ọjà òkèèrè pinpin. Lomé wà lójú ààlà gan-an, owó orí ọjà ní ibodè Togo kò sì wúwo. Òwò wax bá ṣí wá sí Lomé. Àwọn obìnrin ọjà ńlá Lomé, Grand Marché, tí wọ́n ti ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bí i UAC, CFAO àti SGGG rajà bọ̀, wá di ìyálọ́jà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Láti Nàìjíríà, láti Côte d'Ivoire, láti Gabon, títí dé Zaire ìgbà náà, Lomé ni wọ́n ti ń wá ra aṣọ. Wọ́n lówó débi pé ọkọ̀ Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, ìjọba pàápàá a sì máa yá ọkọ̀ wọn lò nígbà tí àlejò pàtàkì bá wọ̀lú. Bí wọ́n ṣe di Nana Benz nìyẹn. Nana, lẹ́nu àwọn ará Lomé, ni ìyá tí à ń bọ̀wọ̀ fún. Dédé Rose Creppy àti Patience Sanvee wà lára àwọn tí orúkọ wọn kò tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn ará Togo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ìtàn ọkọ̀ yẹn, wọn a sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ń dùn mí, nítorí iṣẹ́ wọn ló yẹ kí a máa sọ. Nana kì í jókòó ti ilé iṣẹ́ títí tí yóò fi rán ohun tó wù ú sí i. Yóò sọ fún àwọn ará Helmond pé àwọ̀ òféèfèé yìí kò tà, ẹ fi àwọ̀ ilẹ̀ sí i. Pé àwòrán ẹyẹ yìí kéré, ẹ jẹ́ kó tóbi kí ẹni tó wà ní òdìkejì títì lè rí i. Bí ó bá rí àwòrán tí ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé yóò tà, yóò gba àṣẹ rẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Kò sí ọlọ́jà mìíràn tí ilé iṣẹ́ yóò tún tà á fún. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò wá. Lẹ́yìn náà ló kan orúkọ. Láti Helmond, nọ́ńbà lásán ni aṣọ máa ń gbé wá. Orí àpótí lọ́jà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lórúkọ, bí a ti ń sọ ọmọ. Àwòrán àgò tó ṣí sílẹ̀ tí ẹyẹ ń fò jáde nínú rẹ̀, wọ́n ní Si tu sors, je sors. Ojú tó ń wo ènìyàn, wọ́n ní L'œil de ma rivale. Nígbà tí ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà di ẹni tí gbogbo ayé ń wò lẹ́yìn 2009, àwòrán báàgì ọwọ́ obìnrin jáde, ọjà sì ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu: Sac de Michelle Obama. Aṣọ tó bá rí orúkọ gbà, ó tà nìyẹn. Èyí tí kò bá rí orúkọ, wọn a dá a padà sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ.

Àwọn ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà ní Paris ń gba owó tó pọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní yunifásítì ọdún mẹ́rin ni obìnrin kan ń ṣe pẹ̀lú ojú, ẹnu àti ìgboyà.

Báwo wá ni ó ṣe bàjẹ́?

Àkọ́kọ́, ìlú dàrú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní Togo, ó sì wọ inú 1993 lọ. Ọ̀pọ̀ ará Lomé sá lọ sí Ghana àti Bẹ̀nẹ̀. Kí ọjà tó gbérí, ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994 dé, ọjọ́ tí wọ́n dín iye owó wa kù. Franc CFA 50 ló ń ra franc ilẹ̀ Faransé kan tẹ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan, ó di 100. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà rántí. Owó oṣù tísà kò lé, owó òwú lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n aṣọ tó ti Helmond bọ̀ di ọ̀wọ́n gógó. Bàbá tó ń ra ọ̀pá mẹ́fà lọ́dọọdún bẹ̀rẹ̀ sí í ra méjì.

Èkejì, àṣẹ tí àwọn Nana ní lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Òwò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó dára létí bí a bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán kò ní olówó kan pàtó mọ́, kò sí ẹni tó ní ìdí láti ṣọ́ iyì rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Ṣáínà. Bí ọdún 2000 ṣe ń súnmọ́ ni aṣọ tó jọ wax láti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé èbúté Lomé, àwòrán kan náà, àwọ̀ kan náà, owó tí ẹnikẹ́ni lè san. Àwọn ọlọ́jà tí wọn kò tíì dàgbà púpọ̀, tí ìgboro ń pè ní Nanettes, fúnra wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ṣáínà, wọ́n fi àwòrán han àwọn ilé iṣẹ́, wọ́n sì kó ọjà wálé. N kò dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ní ọmọ láti tọ́, àwọn tó rà á náà ní ìsìnkú àti ìgbéyàwó láti lọ. Obìnrin oko tí kò lè ra wax Hollandais, ìyẹn ti Netherlands, rí láyé rẹ̀ rí aṣọ ẹlẹ́wà ró ní ọjọ́ ọdún iṣu wa, Odon Itsu. Ta ni yóò ní kó má ró o?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọkọ Mi Gbọ́ Bùkátà. Àwòrán yẹn kan náà wà lára ẹni tí ọkọ rẹ̀ gbọ́ bùkátà, ó wà lára ẹni tí tirẹ̀ kò gbọ́, ó wà lára tìmùtìmù, ó wà lára báàgì tí wọ́n fi ń kó tòmátì. Aṣọ tó ń sọ̀rọ̀ yadi. Èmi kò gbà pé owó nìkan ló lé àwọn ènìyàn kúrò nídìí wax àtijọ́. Ohun tí wọ́n fi ń sọ kò ṣeé fi sọ mọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Lọ́dún kan, mo rí owó díẹ̀, mo ní n ó ra aṣọ fún ìyá mi. Mo lọ sí ọjà kan, ẹni tó ta á fún mi búra pé ojúlówó ni, ó tilẹ̀ fi orúkọ tó wà létí aṣọ hàn mí. Inú mi dùn. Ìyá mi gbà á, ó súre fún mi, ó ró o lọ́jọ́ Odon Itsu. Lọ́jọ́ tó fọ̀ ọ́, omi inú garawa pupa bí ọtí sóbò. Nígbà tí mo yí aṣọ náà padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, iṣan kò sí níbẹ̀ rárá. Ìyá mi kò bá mi wí. Ó ká a, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Títí dòní, kò fún un lórúkọ. Aṣọ kọkàndínlógún nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ ra wax, ẹ yí aṣọ padà kí ẹ tó san owó. Wax tòótọ́ kò ní ẹ̀yìn, kò ní iwájú. Oje ti wà lójú méjèèjì kí ó tó wọ aró, àwọ̀ rẹ̀ sì gba ìhà méjèèjì dọ́gba. Ẹ wá àwọn iṣan yẹn. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀, nítorí ìkọ̀wé ni ó rọrùn jù láti tẹ̀ sára aṣọ.

Iná tún wá. Ní alẹ́ ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2013, lẹ́yìn tí ọjà ìlú Kara ti kọ́kọ́ jóná, Grand Marché Lomé jóná. Ilé alájà tí àwọn Nana ti ń tajà di èédú. Àwọn kan pàdánù ọjà ogójì ọdún lóru ọjọ́ kan. N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ilẹ̀ Togo nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ya Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1920, adìrẹ Ẹ̀gbá gbayì débi pé àwọn oníbàárà ń ti Gold Coast àti Senegal wá rà á. Bí ọjà ṣe ń tà, àwọn aláró kan bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Wọ́n ń fi aró Òyìnbó àti sódà dípò ẹ̀lú àti eérú, àwọn mìíràn kò sì mọ̀ ọ́n pò. Aṣọ ń gbó, aró ń ṣí. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Aláké Ademola Kejì fi òfin de aró Òyìnbó, àwọn aláró fárígá, ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jókòó ìwádìí lé e lórí ní 1936. Adìrẹ kò kú, ṣùgbọ́n ó di aṣọ àwọn ìyá arúgbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó gbé e dìde ni àwọn bí i Nike Okundaye, tó ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, àti àwọn ọ̀dọ́ aránṣọ Èkó tó gé e ní ọ̀nà tuntun. Ní 2013, nígbà tí Michelle Obama lọ sí Gúúsù Áfíríkà, bùláòsì tó wọ̀ jẹ́ ti Maki Oh, iṣẹ́ Amaka Osakwe ti Èkó, tó máa ń fi adìrẹ ṣe aṣọ. Aṣọ ìyá arúgbó di ohun tí àwọn ọmọ ogún ọdún ń fi yàwòrán.

Àpẹẹrẹ kan láti London náà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Burberry, tí Thomas Burberry dá sílẹ̀ ní 1856, ni ó ni aṣọ òjò tí inú rẹ̀ ní ìlà dúdú, funfun àti pupa lórí àwọ̀ yanrìn. Wọ́n fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn láṣẹ láti máa tẹ ìlà náà sára nǹkan gbogbo, títí kan aṣọ ajá. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ìlà yẹn ti di àmì àwọn tó ń jà ní pápá bọ́ọ̀lù, àwọn ilé ọtí kan kò sì jẹ́ kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ wọlé. Ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ fìlà rẹ̀ dúró. Ní 2006, Angela Ahrendts gba ìṣàkóso. Ó ra àṣẹ mẹ́tàlélógún padà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti tà á fún, ó fi ìlà náà pa mọ́ sí inú aṣọ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì dá iwájú padà sí aṣọ òjò tí wọ́n mọ̀ ọ́n rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ohun tí àwọn Nana ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni: ohun tó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé kò lè dá ẹnikẹ́ni lọ́lá.

Vlisco náà gbọ́n. Ní nǹkan bí ọdún yẹn kan náà, 2006, wọ́n rí i pé bí àwọn bá ń bá Ṣáínà du owó pọ́ọ́kú, àwọn yóò pòfo. Wọ́n bá kọ owó pọ́ọ́kú sílẹ̀. Wọ́n gbé aṣọ náà kúrò lórí pẹpẹ lọ sínú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ní àwọn ìlú ńlá. Wọ́n ń mú àwòrán tuntun jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹni tó ń ṣe àdàkọ tó parí tàná, tòní ti dé. Wọ́n lẹ àwòrán ọmọge tí aṣọ bá lára mu mọ́ ògiri ìlú, kí àwọn ọmọ tó ń wọ jean lè rí i pé wax kì í ṣe ohun tí a ń ró nìkan. Ní 2010, ilé iṣẹ́ owó Actis ti ìlú London rà á, wọ́n rí èrè níwájú. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan bá wọn rò: ní gbogbo ìpolówó náà, orúkọ tó tóbi jù ni orúkọ Helmond. Àwọn obìnrin tó sọ nọ́ńbà di Ojú Orogún Mi, orúkọ wọn kò sí létí aṣọ.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì pé ọjà ló ń sọ aṣọ dọ̀tun, ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Angelina, aṣọ tí ọrùn rẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà títí dé àyà, tí ó jọ ẹ̀wù Ethiopia. Toon van de Manakker ló ya á fún Vlisco ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ghana fún un lórúkọ Angelina, nítorí orin kan tó gbòde. Congo pè é ní Miriam Makeba. Àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà wọ̀ ọ́ nígbà ìjà fún ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n ní dashiki ni. Ó parẹ́, ó di aṣọ àwọn bàbá àgbà. Lẹ́yìn 2010, àwọn olórin àti àwọn ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà tún gbé e wọ̀, ó sì padà sí ọ̀dọ̀ wa bí ohun tuntun. Dashiki yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ wa ni, dàńṣíkí, tí àwa náà yá lọ́wọ́ Haúsá. Ẹ rí i bí aṣọ kan ṣe lè rin ìrìn àjò tó, tí orúkọ ń gbé e láti èbúté dé èbúté. Àwọn ará Ṣáínà pàápàá ti kọ́ ọ. Máàkì wọn tó ń jẹ́ Hitarget kọ orúkọ ara rẹ̀ sí etí aṣọ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń béèrè rẹ̀ lórúkọ, débi pé àwọn mìíràn ti ń ṣe ayédèrú rẹ̀.

Àwa ńkọ́, níbí?

Ilẹ̀ wa kò ṣaláìní aṣọ. Òwú wà ní oko wa. Láti 1974 tí wọ́n ti dá SOTOCO, ilé iṣẹ́ òwú, sílẹ̀, ọ̀rọ̀ òwú orílẹ̀-èdè yìí ń gba Atakpamé kọjá. NSCT tó rọ́pò rẹ̀ ní 2009 fi oríkò rẹ̀ síhìn-ín. Ní Datcha, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní àwọn ọdún 1960. Àwọn bàbá kan tó ń gbọ́ mi lálẹ́ yìí ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n mọ ìró ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ náà ti dákẹ́. Mo máa ń kọjá níbẹ̀, mo sì máa ń bi ara mi pé, kí ni orúkọ aṣọ Datcha? N kò bi yín ní orúkọ ilé iṣẹ́ o. Orúkọ aṣọ ni mò ń bèèrè, irú èyí tí ìyá kan lè pè bó bá ń ṣí àpótí. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí ẹni tó rí ọ̀kan sọ fún mi. Ó ṣe mí bíi pé láti ibi àìlórúkọ yẹn ni àárẹ̀ ti kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ náà.

Ní 2021, wọ́n ṣí ọgbà ilé iṣẹ́ ńlá sí Adétikopé lẹ́bàá Lomé. Star Garments láti Sri Lanka ń rán aṣọ níbẹ̀ tó ń lọ sí òkè òkun, àwọn ọmọ wa sì ń rí iṣẹ́. Ó dára púpọ̀, mo fẹ́ kí irú rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ máàkì ẹlòmíràn ni wọ́n ń rán mọ́ ọrùn aṣọ náà. Ẹni tó ni orúkọ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó aṣọ, bí ó ti rí nígbà ayé àwọn Nana náà nìyẹn, tí ọlá fi wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí àṣẹ àwòrán ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin aránṣọ Agbonou, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí. Àwọn ọ̀rẹ́ yín ń lọ sí Hédzranawoé ní Lomé lọ ṣa òkirika, wọ́n ń wá aṣọ tí orúkọ Òyìnbó wà láyà rẹ̀. Ẹ má bú wọn. Ohun tí ìyá mi ń wá nínú Ojú Orogún Mi ni wọ́n ń wá níbẹ̀: aṣọ tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rán ẹ̀wù tó dára, ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ sọ ọ́ lédè Ifẹ̀, lédè Ewe, lédè Faransé, bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ará ìlú yìí yóò gbọ́ tí yóò mi orí. Ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sí abẹ́ ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú òwú tí kì í ṣí. Ẹ má rán ọ̀kan náà fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kódà bí wọ́n bá kówó wá. Bí aṣọ ẹgbẹ́ bá sì délẹ̀, ẹ ṣe é ní aṣọ ẹgbẹ́, kí ẹ fi iṣẹ́ àdáni yín sọ́tọ̀. Ẹ má sì fi òwú tó máa já lẹ́yìn fífọ̀ mẹ́ta rán an, nítorí kò sí orúkọ dídùn tó lè gbé aṣọ jíjá.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yẹn ni mo fẹ́ bẹ gbogbo yín lé lórí kí n tó dákẹ́. Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ ìyá yín tàbí ìyá yín àgbà kí ó ṣí àpótí. Ẹ mú aṣọ kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ bi í pé, "Ìyá, kí ni orúkọ èyí? Ta ló rà á fún yín? Kí ló ń sọ?" Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín, kí ẹ mú un wá bá wa ní ilé iṣẹ́ rédíò yìí. A ó máa kà wọ́n sórí afẹ́fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn aránṣọ wa gbọ́ ọ.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Nínú aṣọ méjìdínlógún yẹn, ìyá mi ti sọ orúkọ mẹ́rìndínlógún fún mi. Méjì tó kù, ó gbé wọn lé itan, ó wò wọ́n títí, ó ní òun ti gbàgbé.